Bí a ṣe ń mú irin alùpùpù dán nílé pẹ̀lú máṣíìnì pólíìṣì

Ẹni tó bá ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Alùpùpù tó dé tuntun lónìí, kí ọdún kejì tó pé, ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á ti ṣú, àmì funfun á ti yọ sí i lára tótòtótò bí orí ọmọdé tí làpálàpá mú. Ọ̀rinrin ni, àti iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti òkun. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Ẹ fi èékánná ha á, kò lọ. Ara irin náà fúnra rẹ̀ ló ti jẹ.

Fíríìjì ni mò ń tún ṣe, èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Àmọ́ bàbá mi fi Honda CG125 kan sílẹ̀ fún mi, mi ò sì fẹ́ kó máa dà bí ohun tí wọ́n jù sẹ́yìn ilé. Mo ra máṣíìnì tòkúnbọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, mo tú òkúta ẹnu rẹ̀ méjèèjì kúrò, mo fi dísìkì aṣọ rọ́pò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pólíìṣì nínú àgbàlá. Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbé sí i, mo bà á jẹ́. Ìkejì, mo bà á jẹ́ díẹ̀. Ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà ni mo kọ síbí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ti dì mú kí a tó lọ jìnnà: máṣíìnì kọ́ ló ń mú irin dán. Sáńpépà ni. Iṣẹ́ tí ẹ bá fi sáńpépà ṣe ni máṣíìnì máa gbé jáde fáyé rí. Bí ẹ bá fi ìlà sílẹ̀ lára irin, ìlà tó ń dán ni ẹ óò rí nígbẹ̀yìn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irin tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ wá òòfà kan. Èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ tó. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ohun tí ẹ gbé dání, irin gidi ni, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi króòmù bò ó: mọ́gáàdì, sáléńsà, ọwọ́ tí a fi ń darí alùpùpù. Bí kò bá lẹ̀, tó sì fúyẹ́, alumíníọ̀mù ni: ìdérí ẹ́ńjìnnì lọ́tùn-ún lósì, àárín ẹsẹ̀ tí àwọn sípóòkù ti ń jáde, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú tí sípíríìǹgì ń wọ̀. Alumíníọ̀mù ni iṣẹ́ yìí gbà jù. Ó rọ̀, ó ń gbọ́ràn, àṣìṣe tí ẹ bá sì ṣe lára rẹ̀, ẹ lè fi sáńpépà pa á rẹ́.

Króòmù kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ní mo bà jẹ́ yẹn, mọ́gáàdì ẹ̀yìn ni. Ìpẹtà díẹ̀ wà lára rẹ̀, èmi náà fi ọṣẹ pólíìṣì tó dúdú (kì í ṣe ọṣẹ dúdú ìwẹ̀) àti dísìkì okùn dojú kọ ọ́. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí ojú ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bí eyín arúgbó tó ń jẹ obì. Mo ní ìdọ̀tí ni, mo tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Níkẹ́lì ni, irin tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ króòmù. Króòmù ara alùpùpù kì í sábà nípọn ju ìdajì máíkírọ́ọ̀nì lọ, irun orí èèyàn sì tó nǹkan bí 70 máíkírọ́ọ̀nì. Bí ó bá ti họ, kò sí ọṣẹ tó lè dá a padà; ilé àwọn tó ń ri irin bọ króòmù ló kù.

Nítorí náà, ẹ má gbé króòmù lọ sídìí máṣíìnì rárá. Bébà alumíníọ̀mù tí àwọn ìyá fi ń dì ẹja kí wọ́n tó yan án ni kí ẹ rún pọ̀ bí òkèlè, kí ẹ tì í bọ omi tí ẹ kán fìnégà díẹ̀ sí, kí ẹ máa fi ra ojú ìpẹtà náà. Bébà yẹn rọ̀ ju króòmù lọ, kò lè ha á. Ẹrẹ̀ dúdú kan á máa jáde, ìpẹtà ló ń bá a lọ yẹn. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ìda pa á. Ó tán. Ihò tí ìpẹtà ti jẹ wọ inú lọ kò ní dí o, àmọ́ láti òkèèrè, ta ló máa rí i?

A padà sí alumíníọ̀mù. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fi nǹkan bò ó láti ilé iṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìdérí ẹ́ńjìnnì ló ní fáníìṣì tí ojú kò rí. Mítà tí àwa oníná fi ń yẹ wáyà wò máa ń sọ òtítọ́ ibẹ̀. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ara irin náà jẹ́jẹ́, láìha á. Bí ó bá dún píì, ara irin ṣí sílẹ̀. Bí kò bá dún, nǹkan wà lórí rẹ̀: fáníìṣì, ọ̀dà, tàbí awọ líle tí wọ́n fi iná mànàmáná hù sára alumíníọ̀mù ní ilé iṣẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń pa láró dúdú tàbí àwọ̀ góòlù.

Fáníìṣì àti ọ̀dà kò le. Ẹ béèrè dékápáǹ, oògùn tó ń ṣí ọ̀dà kúrò, ní kẹ́ńkáyérì, ilé ìtajà irinṣẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní ìta gbangba, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ jẹ́ kó wú, ẹ ha á kúrò, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án. Awọ líle yẹn ni ìjàǹbá wà nínú rẹ̀. Sódà tí àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ ń lò máa ń jẹ ẹ́, síbí ńlá méjì nínú lítà omi tútù kan, nínú ike. Sódà ni ẹ óò dà sínú omi o. Ẹ ò gbọdọ̀ da omi lé sódà lórí, nítorí yóò hó ta sí yín lójú. Á máa yọ èéfín àti afẹ́fẹ́ tó ń gba iná, nítorí náà kò sí ìdáná nítòsí, kò sí sìgá. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá tó. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, yóò jẹ alumíníọ̀mù náà mọ́ ọn. Irin náà á jáde dúdú bí ìkòkò, ẹ má bẹ̀rù, dúdú náà á nù kúrò. Lójú tèmi, bí ohun náà kò bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, sáńpépà 320 (bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i ni sáńpépà ń kúnná sí i) àti sùúrù sàn ju gbogbo wàhálà yẹn.

Àwọn ìdérí alùpùpù eré ìje kan wà tí wọ́n fi mànìsíọ̀mù ṣe, eruku rẹ̀ sì ń gbiná. Ẹ kán fìnégà sí ojú ibi tí ẹ ti ha díẹ̀: bí ó bá ń hó, ẹ gbé e padà síbi tí ẹ ti gbé e.

Àwọn ohun kan sì wà tí kò yẹ kó dán láéláé. Inú ibi tí bíréèkì ń dì, ojú dísìkì bíréèkì, ojú pẹrẹsẹ tí gásíkẹ́ẹ̀tì (bébà tí kì í jẹ́ kí òróró jò) ń jókòó lé, ẹnu ihò tí bóòtì ń yí wọ̀. Mo mọ ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tó ní òun fẹ́ kí inú bíréèkì òun náà dán. Ó dán lóòótọ́.

Máṣíìnì náà

Kì í ṣe dandan kí ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún pólíìṣì nìkan. Èyí tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, tó ní ẹnu méjì, tó, bí agbára rẹ̀ bá pé. Ẹ ka bébà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò tó 350 wáàtì máa ń dákú bí ẹ bá tẹ irin mọ́ ọn. 500 wáàtì ń ṣe dáadáa. Lórí iná tiwa, 220 fólítì àti 50 hẹ́ẹ̀tìsì, á máa yí bí ìgbà 2,850 sí 2,950 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ rò ó wò: etí dísìkì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 150 mílímítà ń sáré bí 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ti 200 mílímítà lé ní 100. Zémíjàn, ọ̀kadà tiwa, tó ń sá eré lọ sí Kútọnu ni ẹ fẹ́ na ọwọ́ kàn yẹn.

Ẹ má fi wáyà tín-ín-rín fa iná fún un. Wáyà tín-ín-rín tó gùn máa ń jẹ́ kí iná rẹ̀ lọ sílẹ̀, mọ́tò á máa gbóná, á máa kérora, wáyà 2.5 ni mo lò láti inú ilé dé àgbàlá. Nírọ̀lẹ́ tí gbogbo ilé bá tan iná, tí iná wá ń rẹ̀ sílẹ̀, mo máa ń pa á, mo lọ jẹun.

Bóòtì ni kí ẹ fi kàn án mọ́ tábìlì, tábìlì tó wúwo. Tèmi wà lórí gẹdú ìrókò kan tí káfíńtà kan kò rí lò mọ́. Ibi ìgbọ́wọ́lé tó wà níwájú òkúta, ẹ tú u kúrò, torí pé irin lè há sáàárín rẹ̀ àti dísìkì. Bí ẹ bá ń tú nọ́ọ̀tì, ẹ rántí pé ti ọwọ́ òsì ń yí sí òdìkejì. Ọwọ́ tí ẹ fi ń dì nọ́ọ̀tì gbogbo ayé ni ẹ óò fi tú u. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó lágbára ti fi agbára wọn ya ojú rẹ̀ dànù.

Ohun kan tí mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni: kí òkúta wà lẹ́nu kan, kí aṣọ wà lẹ́nu kejì. Eruku alumíníọ̀mù tó kó jọ sábẹ́ máṣíìnì àti ẹ̀ta iná láti ara àdá, ọ̀tá ni wọ́n. Bí wọ́n bá pàdé, iná tó máa ń là kì í ṣe èyí tí ẹ fi omi pa. Omi tún ń bí i nínú ni. Yanrìn gbígbẹ nínú garawa kan ni kí ó wà nítòsí yín.

Dísìkì mẹ́ta ni ẹ nílò. Ti okùn sísálì, tó le, tó ń jẹ irin. Ti aṣọ tí wọ́n rán yípo yípo, tó wà láàárín. Ti aṣọ tí wọn ò rán àfi lójú ihò, tó rọ̀, tó ń gbóhùn pẹ̀pẹ̀ bí ó bá ń yí. Òun ló ń parí iṣẹ́. Mo rà wọ́n ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu, mi ò rí gbogbo wọn ní ọjà Ouando níbí lọ́jọ́ tí mo wá wọn. Àwọn kan máa ń gé jíǹsì àlòkù róbótó, wọ́n á tò ó léra, wọ́n á fi bóòtì dè é. Mo ṣe é. Kò dọ́gba, ó gbọn gbogbo tábìlì, fóònù mi ti orí rẹ̀ rìn lọ já bọ́. Ẹ ra dísìkì.

Ọṣẹ

A ń pè é ní ọṣẹ torí pé ó jọ ọ̀pá ọṣẹ ìfọṣọ, àmọ́ ọ̀rá ni, tí wọ́n po mọ́ iyẹ̀ òkúta tó kúnná. Dúdú le jù, irin gidi ló wà fún. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni ti alumíníọ̀mù àti idẹ. Funfun ń parí iṣẹ́ lórí alumíníọ̀mù. Aláwọ̀ ewé wà fún ínọ̀sì, irin tí kì í dípẹtà. Pupa, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù. Àwọ̀ lè yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ ka ara páálí rẹ̀. Fún ìdérí ẹ́ńjìnnì, aláwọ̀ ilẹ̀ àti funfun tó yín. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà ta márààrún fún yín.

Dísìkì kan, ọṣẹ kan. Ẹ fi báírò kọ àwọ̀ rẹ̀ sí àárín dísìkì náà, ẹ má sì gbàgbé. Ọṣẹ funfun lórí dísìkì tó ti jẹ aláwọ̀ ilẹ̀, ìyà lásán ni.

Kí ẹ tó tan án

Bùbá tó ṣọ̀ọ́rọ̀, agbádá, gèlè, ṣéènì ọrùn, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́, aago: gbogbo wọn dúró sínú ilé. Ìbọ̀wọ́ òwú náà, rárá, nítorí bí dísìkì bá gbá òwú kan mú, ọwọ́ ló máa tẹ̀lé e. Ìbọ̀wọ́ awọ tó fún mọ́ ọwọ́ ni mo ń lò torí ooru. Awò ojú tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú ṣe pàtàkì. Ìbomú pẹ̀lú, kì í ṣe aṣọ inujú tí ẹ so mọ́mú: iyẹ̀ òkúta inú ọṣẹ aláwọ̀ ilẹ̀ jẹ́ iyanrìn tó kúnná ju àtíkè lọ, tí ó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde mọ́. Ẹ ra ìbomú tí wọ́n kọ FFP2 sí lára. Àwọn ọmọ àti adìẹ kúrò lágbàlá.

Ẹ wo bí dísìkì ṣe ń yí. Láti òkè ló ń ya wá sọ́dọ̀ yín, ó sì ń lọ sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ agbede méjì rẹ̀, ní ojú tó kọ sí yín, ni irin ti gbọ́dọ̀ kàn án. Bí dísìkì bá já a gbà lọ́wọ́ yín níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa sọ ọ́ lọ, síhà ẹ̀yìn tábìlì. Bí ẹ bá gbé e sókè agbede méjì, àyà yín ni. Ẹ jẹ́ kí etí irin máa sá fún dísìkì, kó má dojú kọ ọ́: ibi tí dísìkì ti ń jáde kúrò lára irin ni etí gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí eré títí yóò fi ṣẹlẹ̀. Èyí tí mo ní mo bà jẹ́ díẹ̀ yẹn, ìdérí ọwọ́ òsì ni. Mo fẹ́ dé kọ̀rọ̀ ihò bóòtì, mo yí i, etí rẹ̀ kọjú sókè. Mi ò rí i nígbà tó lọ. Ariwo rẹ̀ lára ògiri ni mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì jáde láti ìdí àrò wá bi mí bóyá táyà ló bẹ́. Ó dá kùǹkù lójú kan tí sáńpépà kò lè pa rẹ́ títí dòní. Lábẹ́ máṣíìnì mi báyìí, tìmùtìmù àlòkù kan wà níbẹ̀ tí ń dúró de ohun tó bá bọ́.

Ohun kékeré, irú bí orí nọ́ọ̀tì tàbí ẹsẹ̀ jíà, ẹ má fi ìka dì í mú. Ẹ fi pílásì tí ẹ ti fi awọ wé lẹ́nu. Ṣéènì alùpùpù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ láéláé.

Iṣẹ́ gan-an

Ẹ fa òróró ẹ́ńjìnnì jáde, ẹ tú ìdérí kúrò. Bóòtì rẹ̀ kì í gùn dọ́gba. Ẹ ya àwòrán ìdérí náà sórí páálí, kí ẹ máa gún bóòtì kọ̀ọ̀kan síbi tó ti wá. Ohun tó bá wà nínú ìdérí, wáyà, rọ́bà, béárìn, ẹ yọ èyí tó ṣeé yọ. Ihò tí òróró ń gbà, ẹ fi igi kékeré dí i, ẹ lẹ tépù lé e. Eruku ọṣẹ yìí àti béárìn ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ rí ara wọn. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gírísì rẹ̀, lẹ́yìn náà omi gbígbóná àti ọṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kpayo, bẹntiróòlù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ó wà lẹ́nu ọ̀nà nínú ìgò, ó sì rọrùn. Àmọ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó ń gba iná á dúró nínú àgbàlá yín títí ẹ óò fi tan máṣíìnì.

Ó kan sáńpépà. Dúdú tó ń gba omi ni kí ẹ ra, èyí tí àwọn ọlọ́jà Àjàṣẹ́ ń pè ní papíyé-ò: 240, 320, 400, 600, 800. Ojú ibi tó bá ní ìlà tó jinlẹ̀ nìkan ló ń béèrè 180. Ẹ po omi pọ̀ mọ́ ọṣẹ fọṣọ díẹ̀ nínú abọ́, ẹ máa ti sáńpépà bọ̀ ọ́. Ibi tó tẹ́jú, ẹ fi wé rọ́bà bàtà sílípáàsì tó ti gbó. Kọ̀rọ̀ nìkan ni ẹ óò fi ìka ṣe.

Àṣírí tó wà níbẹ̀ nìyí. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ máa gbà fà á. Ká ní ẹ fa 240 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá dé 320, ẹ fà á láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń kọjá lórí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Bí ìlà kan ṣoṣo bá dúró lóòró láàárín àwọn tó dùbúlẹ̀, ti 240 nìyẹn, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ padà sí 320 títí gbogbo ìlà yóò fi dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà 400, lóòró. 600, ní dídùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ má fo nọ́ńbà. Ẹni tó fo láti 240 lọ sí 600 yóò fa 600 títí ọwọ́ á fi kú, ìlà 240 á ṣì wà níbẹ̀ tí á máa wò ó.

Omi inú abọ́ náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Hóró iyanrìn kan láti ara 240 tó kù sínú omi tó ti di ti 600, òun ló ń ya ìlà gígùn kan tí ẹ ò ní mọ ibi tó ti wá. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa tó ń fò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń da aṣọ bo abọ́.

Ìdérí kan máa ń gbà mí ní wákàtí méjì sí mẹ́ta lórí sáńpépà nìkan. Máṣíìnì kì í tó wákàtí kan. Bí ti yín bá jẹ́ òdìkejì, ẹ mọ ibi tí ẹ ti ṣìnà.

Tó bá kan máṣíìnì, bí ẹ bá ti fa 600 tàbí 800 dáadáa, ẹ lè má nílò dísìkì okùn rárá. Ẹ mú èyí tí wọ́n rán. Ẹ tan án, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó yí fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ rí i pé kò mì. Ẹ fi ọṣẹ aláwọ̀ ilẹ̀ kàn án fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Díẹ̀. Ọṣẹ púpọ̀ kì í mú un yá, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ irin bí ọ̀dà dúdú. Ẹ wá gbé irin kàn án, ẹ máa fà á gba inú dísìkì kọjá jẹ́jẹ́, ẹ má dúró lójú kan. Ìró rẹ̀ á sọ fún yín: bí mọ́tò bá ń yí ní ohùn kan náà, ó dára, bí ohùn rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ jù.

Ojú kan náà yẹn ni ẹ óò ti rí ohun tí mò ń pè ní ìkúùkù. Irin tó jẹ́ eérú á kọ́kọ́ ṣú, ọ̀rá ọṣẹ á bò ó. Ẹ kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, láìfi ọṣẹ kún un, ìkúùkù náà á máa pín sí méjì bí ẹni ṣí aṣọ ìkélé, ìmọ́lẹ̀ á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí ìhà tí dísìkì ń yí sí, yóò mú un dán. Bí ẹ bá ń fà á lòdì sí i, yóò máa jẹ ẹ́. Ẹ fi lílòdì bẹ̀rẹ̀, ẹ fi títẹ̀lé parí.

Alumíníọ̀mù ń gbóná kíákíá. Bí ọwọ́ kò bá gbà á mọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, ẹ lọ mu omi. Bí dísìkì bá ti le, tó dúdú, tó ń dán, ẹ fi eyín abẹ́ ayùn irin àlòkù ha ojú rẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ń yí, kí òwú rẹ̀ tún dìde. Ìbomú lójú yẹn o, òwú á fò.

Ìsàlẹ̀ ihò bóòtì àti àwọn lẹ́tà tó hù jáde lára ìdérí, ẹ má fi tipátipá. Ẹ óò jẹ etí lẹ́tà náà, HONDA á wá di ohun tí a ń fọwọ́ wá.

Tí aláwọ̀ ilẹ̀ bá parí, ẹ nù ún mọ́ pátápátá kí ẹ tó kan funfun. Kẹrosíìnì díẹ̀, lẹ́yìn náà omi ọṣẹ gbígbóná, kí ẹ nù ún gbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì eyín àlòkù fún kọ̀rọ̀. Ẹ fọ ọwọ́ yín náà, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́. Ẹ wá fi dísìkì tí wọn ò rán àti ọṣẹ funfun, kí ọwọ́ yín fúyẹ́ bí ẹni ń fi ìyẹ́ pa ọmọ lára. Ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá lórí rẹ̀ tó. Èmi máa ń mọ̀ pé ó ti tó nígbà tí mo bá rí irun ìpéǹpéjú mi nínú rẹ̀, kì í ṣe ojú mi nìkan.

Ọ̀rá díẹ̀ á ṣì kù tó ń jẹ́ kó dà bíi pé èémí wà lórí rẹ̀. Ẹ bu ìyẹ̀fun àgbàdo tó kúnná, gbígbẹ, ẹ wọ́n ọn sórí rẹ̀, ẹ fi aṣọ òwú rírọ̀ tó ti gbó nù ún yípo. Ìyẹ̀fun á mu ọ̀rá náà. Ìyàwó mi ní kí n lọ ra ìyẹ̀fun tèmi.

Kí ó má ba à tún ṣú

Lọ́jọ́ kejì tí a mú alumíníọ̀mù dán ni afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń bá a jà. Ẹ fi ìda mọ́tò pa á, tín-ín-rín, kó gbẹ, ẹ nù ún kúrò, ẹ tún un pa lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí omi bá ń dúró lórí rẹ̀ róbótó róbótó bí ó ṣe ń dúró lórí ewé kókò, ìda ṣì wà níbẹ̀. Bí omi bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ pa òmíràn. Nígbà òjò, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń ṣe tèmi. Ẹbí mi tó wà ní Kétu, níbi tó jìnnà sí òkun, ń lo oṣù mẹ́ta kó tó ronú kàn án, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Wọ́n ń ta fáníìṣì tí a lè fọ́n sí i, àmọ́ lórí ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná, ó máa ń pọ́n, á sì máa bó. Mi ò tún lò ó mọ́.

Kí ẹ tó dè é padà, ẹ yọ gbogbo igi àti tépù, ẹ fọ inú ìdérí náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi ẹnu fẹ́ inú ihò òróró kọ̀ọ̀kan kí ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi sí i. Ẹ mú bóòtì láti ara páálí, ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo wọn wọlé kí sípánà tó kan èyíkéyìí, ẹ wá dì wọ́n ní ìkọjúsíra, díẹ̀díẹ̀. Ẹ da òróró tuntun sí i, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi páálí funfun sábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí òróró kò bá kán sí páálí náà, ẹ lè gbé e jáde.